Àmù Bàbá Wòlíì

Ìwẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mi ní Odígbó. Kì í ṣe olè, kì í ṣe àgbèrè. Ìwẹ̀ lásán ni, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn.

Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń fi ife tí wọ́n pín fún wọn lọ́jọ́ òmìnira mu omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán àsíá tó wà lára rẹ̀ ti ń ṣí. Ìwé dé láti olú ìjọ wa pé kí èmi tí mo ti ń ṣọ́ agbo ní Ìkìrun fún ọdún mẹ́sàn-án máa lọ sí Odígbó, kí Bàbá Wòlíì tó wà ní Odígbó sì máa bọ̀ ní Ìkìrun. Wọ́n kàn fi wá ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé wọn kì í bi wòlíì bóyá ó wù ú.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀ ṣá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìjọ Odígbó yóò kọ̀wé sí olú ìjọ láti sọ bóyá àwọn fẹ́ mi tàbí àwọn ò fẹ́. Ìyàwó mi, Ìyá Dáre, gbọ́ èyí, ó ní òun ò ní tú ìsọ̀ aṣọ òun ká nítorí "bóyá." Ó ní, "Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ kọ̀wé, n ó máa bọ̀. Bí wọn ò bá gbà yín, ẹ mọ ọ̀nà ilé." Obìnrin tó mọ ìṣirò ni. Mo gbé àpótí mi, mo gbé Bíbélì mi, mo lọ.

Oorun gbé mi nínú ọkọ̀, wọ́n gbé mi kọjá Odígbó, Ore ni mo jí sí. Ore ìgbà náà kò tíì dà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Oríta ni, àti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àti àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ fún awakọ̀, ìyókù jẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fi padà sí Odígbó nínú òjò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣubú. Nígbà tí mo fi máa dé ilé míṣọ̀n, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá wòlíì ni mí tàbí ẹni tó ń mọ ilé.

Kò sí ẹnì kankan nílé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń retí mi, gbogbo ìjọ ló wà lóko kòkó. Mo wo yàrá ẹ̀yìn, mo rí àmù ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Omi kún un dé ẹnu, ó mọ́, ó tutù. Mo ní, áà, àwọn èèyàn yìí mọ àlejò tọ́jú. Mo wẹ̀. Mo tún wẹ̀. Mo fọ singilẹ́ẹ̀tì mi, mo fọ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo fi ìyókù ṣan bàtà. Nígbà tí mo ṣe tán, ìsàlẹ̀ àmù ni mò ń wò.

Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ẹni tó bá lo omi tán ló máa pọn òmíràn. Mo mú korobá, mo wá odò lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ tí mo bọ̀ kí àmù yẹn tó kún. Mo da aṣọ funfun bò ó padà bí mo ṣe bá a. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ìjọ dé. Òun ló ń bójú tó ilé àdúrà náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó títí tó fi di pánù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín àfi bó bá rídìí. Ó kí mi ní Ìkálẹ̀, mo ń wò ó, ó rí i pé n kò gbọ́, ó tún kí mi pẹ̀lú Yorùbá inú Bíbélì. Ó mú mi yí gbogbo ilé ká. Nígbà tí a dé yàrá ẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú àmù.

Ó ní, "Èyí ni Bàbá Wòlíì fi sílẹ̀ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Omi ìdágbére wọn ni. Ife kan ni mò ń bù fún ẹni tó bá ní ìṣòro gidi. Wòlíì tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Omi tí mo fi wẹ̀ nìyẹn. Ní Ìkìrun, orí pẹpẹ ni omi àdúrà máa ń wà, nínú ìgò, olúkúlùkù á kọ orúkọ sára tirẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń tọ́jú omi àdúrà sínú àmù ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀? Àwọn àgbà ti wí i pé àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wo ojú obìnrin yẹn níbi tó kúnlẹ̀ sí, mo pa ẹnu mi dé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Àmín."

Àmín yẹn ni mo fi jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Odígbó kò ṣe ìkà sí mi. Wọ́n fún mi ní oúnjẹ, wọ́n fún mi ní igi ìdáná, wọ́n fún mi ní ilẹ̀ kékeré tí mo fi gbin ẹ̀gẹ́. Ohun tó pa mí lára ni pé mo jẹ́ ọmọ Yorùbá láàárín ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ mo dà bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ìró kan wà tí wọ́n máa ń fà láti ọ̀nà ọ̀fun, tó bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, mo ti sọnù nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣàwàdà, wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á wá tú u fún mi, àwàdà tí wọ́n bá tú, ó ti kú. Òjò wọn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Igi ńláńlá bo ojú ọ̀run, èmi tí mo ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n da agbọ̀n bò mí.

Púpurú ni oúnjẹ wọn, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti yan lórí ààrò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, èéfín lásán ni mo gbọ́ lẹ́nu, mo ń rántí iyán Ìyá Dáre, omijé fẹ́ẹ̀ bọ́. Obìnrin tó gbé e wá ń wò mí, ni mo bá gbé e mì. Ní oṣù kejì, mo rí ara mi tí mò ń béèrè fún àfikún. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: "Bàbá Wòlíì kì í ṣe é bẹ́ẹ̀." Bí mo bá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá Wòlíì a máa lù ú lẹ́ẹ̀meje. Bí mo bá wàásù tó gùn, Bàbá Wòlíì kì í jẹ́ kí iṣu jóná nílé. Bí mo bá wàásù tí kò gùn, ṣé ó rẹ Wòlíì tuntun ni? Mo kórìíra bàbá yẹn láìrí i rí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ràímì nìkan ni mo ní. Awakọ̀ gẹdú ni, ọmọ Ìkìrun bíi tèmi, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Ore láti wá a. Bí ó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á na lẹ́tà Ìyá Dáre sókè, á ní kí n kọ́kọ́ ra ẹ̀kọ fún òun. Mo máa ń jókòó sórí igi gẹdú, mo máa ń ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan náà ló máa ń parí rẹ̀: "Ṣé wọ́n ti gbà yín?" Èsì kan náà ni mo máa ń kọ: "Ó kù díẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, Ràímì á sọ ohun tó ń lọ nílé fún mi ní èdè ilé wa, mi ò ní béèrè pé kó tún un sọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ló ń gbé mi dé Sátidé mìíràn.

Ní òpin oṣù kìíní, mo kọ̀wé sí Bàbá Wòlíì fúnra rẹ̀ ní Ìkìrun. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, láti orí singilẹ́ẹ̀tì dé orí bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tí mo lè ṣe. Ràímì gbé lẹ́tà náà lọ. Èsì ò dé.

Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀? Àmù yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyanu. Ẹ gbọ́ mi o. Omi odò tí mo fi ọwọ́ ara mi pọn, tí n kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí lórí, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bàbá kan dìde pé òun mu ún, ibà òun sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan ní ọmọ òun tí kì í sùn ti ń sùn. Bí wọ́n bá ti jẹ́rìí tán, wọ́n á ní, "Ọlọ́run Bàbá Wòlíì, a dúpẹ́." Èmi tí mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún bàbá oníbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ mi. Mo ń jowú korobá. Lẹ́yìn náà ni ìjayà á gbé mi, nítorí mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ọjọ́ náà dé pẹ̀lú Títílayọ̀.

Aya àgbẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ wá láti ìhà Ọ̀ṣun bíi tèmi, ó ń dá oko kòkó fún onílẹ̀. Oyún méjì ti bọ́ lára obìnrin yìí, ẹ̀kẹta ló wà níkùn rẹ̀, oṣù kẹjọ sì ti tán. Ó máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀, ó sì máa ń pè mí ní "ará ilé ọkọ mi." Gbogbo ọjọ́rú ni Ìyá Ìjọ máa ń bu omi àmù fún un sínú ife òmìnira tí Títílayọ̀ yá lọ́wọ́ ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀, yóò mu ún láìmí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa kọ̀wé nípa mi, ó dìde láti jẹ́rìí. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ní Ore yẹ ikùn òun wò, ó ní ọmọ náà dábùú, kí òun tètè máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Oǹdó kí ìrọbí tó dé, nítorí kò ní gba ọ̀nà wá. Ó ní òun dá nọ́ọ̀sì lóhùn pé òun ò lọ síbì kankan. Omi Bàbá Wòlíì wà nílé, ó ti gbé òun dé ibí, yóò gbé òun dé òpin. Ilé àdúrà mì tìtì fún Halelúyà. Ìyá Ìjọ ń sunkún ayọ̀.

Èmi nìkan ni n kò lè pariwo. Mo dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun mi. Mo rí Ìyá Dáre nínú ìsọ̀ rẹ̀, tó ń dúró. Mo rí bí wọ́n ṣe máa lé mi bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí. Mo sì rí ikùn obìnrin yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ló borí.

Mo ní, "Ẹ jókòó." Wọ́n jókòó. Mo ní, "Omi tó wà nínú àmù yẹn, èmi ni mo pọn ọ́n lódò. Èyí tí Bàbá Wòlíì fi sílẹ̀, mo ti fi wẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀, mo sì dákẹ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè gbé e mì. Ìyá Ìjọ dìde láìwò mí, ó jáde.

Títílayọ̀ ò jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ gbàdúrà sí omi náà nígbà tí ẹ pọn ọ́n?"

Mo ní, "Rárá."

"Kí ló wá gbé oyún mi dúró láti ìgbà yìí?"

Mo ní, "Ẹni tó gbé e dúró ò gbé inú àmù, ọmọ mi. Yóò bá ọ dé Oǹdó. Èmi náà á bá ọ débẹ̀."

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó lọ palẹ̀ aṣọ mọ́.

Ọkọ̀ Ràímì ló gbé wa ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n tẹ́ ẹní fún Títílayọ̀ níwájú, ọkọ rẹ̀ dì í mú, èmi wà lórí gẹdú lẹ́yìn, mò ń kọrin àdúrà, ẹ̀ka igi ń gbá mi lójú. Nígbà tí a dúró fún omi ẹ́ńjìnnì, Ràímì bọ́ sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Wòlíì, omi àdúrà lẹ fi wẹ̀? Mo ti ń rò ó pé kí ló ń mú ara yín dán bẹ́ẹ̀." Inú bí mi. Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín báyẹn gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde ní ọjọ́ kejì. Obìnrin ni, ó kéré, ohùn rẹ̀ kò kéré. Dókítà ní ká ní wọ́n dúró ní Odígbó, ìyá àti ọmọ ni wọn ì bá sin. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo di igi kan mú, mo sunkún bí ọmọdé.

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ padà, nítorí mo ní ẹrù láti dì. Níwájú ilé míṣọ̀n, Ràímì rántí ohun kan, ó fa lẹ́tà kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Láti Ìkìrun ni, ọwọ́ Bàbá Wòlíì ló kọ ọ́. Bàbá Wòlíì ò tètè dáhùn, nígbà tó sì kọ ọ́, ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, Ràímì sì ti gbàgbé.

Mo bá Ìyá Ìjọ nínú àgbàlá, ó ń gbálẹ̀. Mo kí i. Láìgbójú sókè, ó ní, "Títílayọ̀ ńkọ́?" Mo sọ fún un. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Ìgbà yẹn ló rí lẹ́tà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló kọ̀wé?"

Mo ní, "Bàbá Wòlíì."

Ó ní, "Ẹ kà á sókè."

Mo ti fi ojú sáré wo ìlà àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ dá ọgbọ́n pé gíláàsì tí mo fi ń kàwé sọnù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ gbé mi dé. Mo kà á sókè. Bàbá Wòlíì ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun nígbà tí òun rí lẹ́tà mi. Ó ní ta ló sọ fún wọn pé òun gbàdúrà sí omi kan? Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ tí òun ń lọ, omi ìwẹ̀ ni òun pọn, òun ò tíì bọ́ ẹ̀wù tí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Òun da aṣọ bo àmù kí kòkòrò má bàa kó sí i, òun sì wọ ọkọ̀ láìwẹ̀. Òógùn ni òun fi dé Ìkìrun. Ó tún ní kí n má banú jẹ́, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ará Ìkìrun ń sọ fún òun pé, "Wòlíì wa kì í ṣe é bẹ́ẹ̀," òun sì ti kórìíra mi díẹ̀ kí òun tó gba lẹ́tà mi.

Mo tún ìlà yẹn kà. Fún ọdún mẹ́sàn-án tí mo lò nílé, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé mo ń ṣe nǹkan kan dáadáa.

Ìyá Ìjọ kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé mo ti ba nǹkan tó kù jẹ́ nìyẹn. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó ṣí aṣọ funfun, ó dúró ti àmù náà, ọwọ́ ní ìbàdí. Ni èjìká rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ó fi etí ìró nu ojú.

Ó ní, "Nínú gbogbo wa, ẹ̀yin nìkan lẹ lo omi yìí bó ṣe yẹ."

Ó ní kí n di etí kan mú, òun di èkejì mú, a gbé àmù náà jáde, a sì gbé e kalẹ̀ sí balùwẹ̀. Ó ká aṣọ funfun náà sábẹ́ apá. Ó ní bí ìjọ bá péjọ lọ́jọ́ Ìsinmi láti kọ̀wé, òun lòun máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ lọ wẹ̀," ló wí, "eruku Oǹdó wà lára yín, Wòlíì wa."

Mo kọ́kọ́ wọ yàrá. Mo mú ìwé, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí Ìyá Dáre pé kó máa bọ̀.